Ìjì tó ń pààrọ̀ ògiri ojú rẹ̀

Ìbéèrè: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, mo kà á pé ìjì ńlá ojú òkun tí wọ́n ń pè ní hurricane lè ṣàdédé rọ̀ nígbà tó ṣì wà lórí omi gbígbóná, kó sì tún le padà kó tó kan ilẹ̀ rárá. Bó bá jẹ́ omi gbígbóná ló ń fún un lágbára, kí ló wá ń fa èyí?

Ìdáhùn: Omi gbígbóná ló ń fún un lágbára lóòótọ́, àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, inú ìjì náà gan-an ni ohun tí ẹ bèèrè yìí ti ń wá. Ní àárín gbùngbùn rẹ̀ ni ojú ìjì wà, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń rọra sọ̀ kalẹ̀, tó ń gbóná bó ṣe ń sọ̀, tó sì ń tú àwọsánmà ká, débi pé ẹni tó bá wà níbẹ̀ lè rí ojú ọ̀run. Ó sábà máa ń fẹ̀ tó kìlómítà 30 sí 65. Àwọsánmà gíga tó rọ̀gbà yí i ká ni ògiri ojú ìjì: ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin ti ń ròkè, tí oru inú rẹ̀ ń di òjò, tí ooru tó ń jáde nígbà náà sì ń mú kí ìjì máa yí kíkankíkan. Kò síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń le tó ibẹ̀.

Bí ìjì bá ti le gan-an, àwọn ọ̀wọ́ àwọsánmà òjò tó wà lẹ́yìn ògiri yìí lè so pọ̀ di ògiri kejì. Ti òde á wá máa gba afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin tí ì bá dé ọ̀dọ̀ ti inú, ti inú á máa kú lọ díẹ̀díẹ̀, eré afẹ́fẹ́ á sì dín kù. Lẹ́yìn tí ti inú bá parẹ́ tán, ti òde lè bẹ̀rẹ̀ sí í sún sí àárín, kí ìjì sì tún le. H. E. Willoughby, onímọ̀ nípa ìjì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé èyí nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1982.

Ẹ wo ìjì Wilma, ní oṣù October 2005. Lórí Òkun Caribbean, ojú rẹ̀ sún kì títí tí kò fi fẹ̀ ju nǹkan bíi kìlómítà 4 lọ, ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ àárín rẹ̀ (tó jẹ́ pé bó bá ṣe kéré tó ni ìjì sábà ń le tó) sì já wálẹ̀ sí mílíbà 882, èyí tó kéré jù lọ nínú àkọsílẹ̀ ìjì Àtìláńtíìkì. Lẹ́yìn náà ni ojú bíńtín yẹn pòórá, tí òmíràn tó fẹ̀ jù ú lọ dáadáa sì gba ipò rẹ̀.

Ní tèmi, ìròyìn pé ìjì ti rọ̀ kì í ṣe ìròyìn ayọ̀ lásán, nítorí pé bí ògiri tuntun bá ṣe fẹ̀ tó ni ilẹ̀ tí afẹ́fẹ́ líle máa dé ṣe ń pọ̀ sí i, tó sì ń ti omi òkun púpọ̀ sí i wọ etíkun. Ìjì Katrina ti rọ̀ púpọ̀ kó tó wọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 29 oṣù August 2005, àmọ́ ó ti gbòòrò, omi tó tì wọ etíkun Mississippi sì ga ju mítà 8 lọ láwọn ibì kan.