Ẹ ka iná mítà kẹ́ ẹ tó tún ra yúnìtì fún Màmá

Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Manchester, tẹ́ ẹ ní 100 yúnìtì tẹ́ ẹ ń rà fún Màmá n'Íbàdàn kì í ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì ra òmíì. Bó ṣe ṣe èmi náà nìyẹn, mo kàn ń fi tókùn ránṣẹ́ ṣáá, mo rò pé àwọn oníná ló ń rẹ́ wa jẹ.

Ẹ pe ilé lórí WhatsApp, kí àbúrò kan gbé fóònù síwájú mítà. Ẹ máa rí iná pupa kékeré tó ń ṣẹ́jú. Ẹ wo ara mítà yẹn dáadáa, wọ́n kọ imp/kWh síbẹ̀, tiwa 1000 ni, ìyẹn ni pé tó bá ti ṣẹ́jú nígbà 1000, yúnìtì kan ti lọ nìyẹn (tiyín lè jẹ́ 1600, iye tẹ́ ẹ bá rí níbẹ̀ lẹ máa fi ṣírò). Ẹ wá ní kí wọ́n pa gbogbo nǹkan inú ilé, kí wọ́n yọ fíríjì, yọ tẹlifísàn, kí wọ́n má ṣáà pa mítà fúnra ẹ̀. Ó yẹ kí iná pupa yẹn dúró.

Tiwa ò dúró o. Màmá mi ń kà á sókè bí ẹni ń ka owó ọjà, oókàn, eéjì, ẹẹ́ta, èmi ń wo aago lọ́dọ̀ mi, nígbà tí ìṣẹ́jú kan fi máa pé ó ti di 25. 25 lọ́nà ìṣẹ́jú 60 tó wà nínú wákàtí kan jẹ́ 1,500, ìyẹn yúnìtì kan àbọ̀ ní wákàtí kan, 1,500 wátì nìyẹn. Kí ló ń jẹ 1,500 nínú ilé tí wọ́n ti pa gbogbo ẹ̀? Wọ́ọ̀tà hítà yàrá àlejò ni! Látìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti wálé Kérésì ló ti wà lórí iná, ẹnu ẹ̀rọ omi gbígbóná ibẹ̀ sì ń kán tó, tó, tó, bó ṣe ń kán ni hítà ń se omi míì nìyẹn, tọ̀sán-tòru. Yúnìtì 11 là ń jẹ lójúmọ́ tẹ́lẹ̀, nígbà tí wọ́n pa hítà yẹn, ó di 5.

Tẹ́ ò bá rí nǹkan kan, tí iná pupa yẹn ṣì ń ṣẹ́jú, ẹ pe oníṣẹ́ iná, ó lè jẹ́ wáyà tó ti bó, ó sì lè jẹ́ ẹlòmíì ló so tiẹ̀ mọ́ tiyín. Ẹ wo fírísà náà, ẹ fi ìwé kan há ẹnu ìlẹ̀kùn ẹ̀ kẹ́ ẹ tì í, tí ìwé yẹn bá yọ wẹ́rẹ́, rọ́bà ẹ̀ ti kú. Kí àbúrò máa ya fọ́tò mítà ránṣẹ́ ní aago méje àárọ̀ lójoojúmọ́, ẹ ó rí ọjọ́ tó bá fò sókè. Tó bá jẹ́ Band A (àwọn tó yẹ kó máa rí iná tó wákàtí 20 lójúmọ́) ni àdúgbò yín, 225 náírà ni wọ́n gbé yúnìtì kan dé ní April 2024, ẹ fi hítà wákàtí kan ṣírò ẹ̀ wò.

Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún Màmá pé kí wọ́n pa fáànù o. Fáànù òkè àjà ò tó 100 wátì. Màmá tèmi ti ń sùn nínú ooru kí n má baà náwó, mi ò tiẹ̀ mọ̀, àbúrò mi ló sọ fún mi.