Kó má tíì hú àjàrà yẹn o

Ìyá Tóbi, ẹ ní àjàrà ẹ̀yìn ilé tí Tóbi ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní Ontario, ní Kánádà, ti yọ ọ̀mùnú dáadáa, àfi bó ṣe di àárọ̀ ọjọ́ kan tí gbogbo rẹ̀ dúdú, tó rọ bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n da omi gbígbóná lé. Ẹ wá ń béèrè bóyá kó hú u dànù. Kó má hú u o: ìrì dídì, ìyẹn ìrì tó ń di yìnyín lórí ewé lóru, ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Ọgbà àjàrà ni mo ti ṣiṣẹ́ ní apá Niagara, ní Ontario níbẹ̀, kí n tó padà sí Òṣogbo, ojú mi sì rí màbo lọ́wọ́ ìrì dídì.

Nígbà tí òtútù bá mú gan-an lọ́hùn-ún, igi ń sùn ni. Àjàrà Concord, irú kan tó lágbára sí òtútù, lè fara da −20°C láìkú. Àmọ́ tí ojú ẹ̀ka, ìyẹn ibi tí ewé ti ń yọ, bá ti là, tí ewé tútù ti jáde, −2°C péré fún nǹkan bí ìdajì wákàtí ti tó pa á. Oòrùn oṣù Kẹrin ló máa ń tan igi jẹ, bẹ́ẹ̀ ìrì ṣì lè dì títí dé àárín oṣù Karùn-ún.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kó má tètè rẹ́ ẹ lọ́dún tó ń bọ̀. Ojú tó wà lórí ẹ̀ka ló máa ń kọ́kọ́ hù, ti ìdí á sì máa sùn lọ. Kó fi ẹ̀ka sílẹ̀ ní gígùn. Ìgbà tí ti orí bá ti rúwé ni kó wá gé e kù sórí ojú mélòó kan tó fẹ́ lò nísàlẹ̀. Ìyẹn lè fi ọ̀sẹ̀ kan sí méjì dá ìrúwé rẹ̀ dúró, ọ̀sẹ̀ kan yẹn sì lè gba gbogbo èso ọdún náà là. Omi á máa kán lójú ibi tó gé. Kó má jáyà, kì í pa igi.

Kó sì gé koríko ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kan náà. Àwa níhìn-ín máa ń fi koríko bo orí ebè kí oòrùn má pa iṣu. Lọ́hùn-ún, nígbà ìrúwé, ilẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣófo kí oòrùn lè wọ inú rẹ̀ lọ́sàn-án, kó lè tú ooru náà sílẹ̀ lóru. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, kó bomi rin ín lọ́sàn-án, torí ilẹ̀ tó rin ló ń gba ooru pa mọ́ jù.

Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí láàárọ̀ ọyẹ́ tí èèyàn bá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí odò Ọ̀ṣun: ibi tó rẹlẹ̀ ni òtútù ń rọ́ lọ. Bí ọgbà pákó bá wà nísàlẹ̀ ibi tí àjàrà yẹn wà, ó ń sé òtútù mọ́ ọn lórí ni. Kó ṣí àlàfo sí i lẹ́sẹ̀.

Alẹ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́ roro, tí ewé kan ò mì, ni kó fura. Bí ìkùukùu bá ṣú bolẹ̀, kó lọ sùn. Kó má gbára lé fóònù nìkan: ó lè sọ pé 2°C ni, kí ìrì sì ti máa dì nílẹ̀. Kó so tẹmomítà kọ́ sára igi gan-an. Kí oòrùn tó wọ̀ ni kó ti fi aṣọ ìbùsùn àtijọ́ bò ó kanlẹ̀, kí ooru ilẹ̀ má bàa sá, kó sì ṣí i tí ilẹ̀ bá mọ́. Tó bá jẹ́ ọ̀rá, kó má jẹ́ kó kan ewé.

Ti iná eléèéfín tẹ́ ẹ dámọ̀ràn, rárá. Èéfín kì í dá òtútù dúró, àwọn aládùúgbò ló máa pe panápaná sí i. Lóṣù Kẹrin ọdún 2021, àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Faransé tan àbẹ́là ńláńlá káàkiri oko àjàrà lóru, síbẹ̀ ìrì dídì ba ọ̀pọ̀ jẹ́. Àwọn oko ńlá tó ń wọ́n omi sórí igi ńkọ́? Ó ń ṣiṣẹ́, torí omi ń tú ooru sílẹ̀ bó ṣe ń dì, àmọ́ tí omi bá fi lè dáwọ́ dúró kí yìnyín tó yọ́, ó burú ju kí wọ́n má wọ́n ọn lọ. Kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀yìnkùlé.

Ní ti èyí tó ti dúdú, ẹ ní kó fọwọ́ mú sùúrù. Ojú kan lára ẹ̀ka àjàrà, mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Bí èkíní bá kú, èkejì á jáde láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Concord ṣì máa ń so díẹ̀ lórí èkejì yìí. Chardonnay, àjàrà tí wọ́n fi ń ṣe wáìnì, àti irú rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ so, àmọ́ igi á yè. Kó ya fọ́tò ìdí igi náà ránṣẹ́ sí yín. Bí oríkèé ńlá kan bá wà nítòsí ilẹ̀, wọ́n so ẹ̀ka àjàrà tó rà mọ́ gbòǹgbò àjàrà mìíràn kí wọ́n jọ dàgbà nìyẹn, ẹ̀ka tó bá hù lábẹ́ oríkèé yẹn kì í ṣe àjàrà tó rà. Ìyẹn ni kó gé.