Táyà pọ́ọ́kú àti táyà olówó gọbọi: ohun tí ojú mi ti rí

Ẹ ní ẹ fẹ́ pààrọ̀ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀ yín, ẹ wá béèrè bóyá ìyàtọ̀ gidi wà láàrin táyà pọ́ọ́kú àti táyà olówó gọbọi, àbí orúkọ lásán la ń fowó rà. Ẹ tún ní ọkọ̀ kékeré lẹ ní, pé ẹ kì í sáré. Èmi náà ti bi ara mi ní ìbéèrè yìí rí. Ìdáhùn tí mo fún ara mi nígbà náà kò dáa rárá, díẹ̀ ló kù kó ṣe èmi àti ìyàwó mi tó jókòó tì mí léṣe.

Ìyàtọ̀ wà, àmọ́ kì í ṣe ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń wá a sí ló wà. Tí ilẹ̀ bá gbẹ, tí ẹ sì ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́, ẹ lè lo táyà pọ́ọ́kú fún oṣù mẹ́fà kí ẹ má rí ohunkóhun tó burú nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ ni ìwà rẹ̀ máa ń hàn síta, ó sì tún máa ń hàn sí i nígbà tí táyà náà bá ti jẹ dé ìdajì.

Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, tuntun ni gbogbo wọn, ìwọ̀n wọn jẹ́ 205/55 R16. Wọ́n dúdú, eyín wọn jinlẹ̀, ọkọ̀ sì ń lọ wẹ́rẹ́. Wọ́n ń hó díẹ̀ lórí títì, mo ní mo lè fara da ìyẹn. Ó tó bí oṣù kẹjọ, òjò tó ti ń rọ̀ láti àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, mo ń bọ̀ ní nǹkan bíi 60 kìlómítà ní wákàtí kan, ni iná bíréèkì ọkọ̀ tó wà níwájú bá tàn lójijì. Mo tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. ABS, ìyẹn ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ há tí èèyàn bá tẹ bíréèkì, ń ta ẹsẹ̀ mi, gbà-gbà-gbà-gbà, àmọ́ ọkọ̀ ò dúró, ńṣe ló ń yọ̀ lọ bí ìgbà tí wọ́n da omi ọṣẹ sílẹ̀. Mo yí sítíárìn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, imú ọkọ̀ kọ̀, kò tẹ̀ lé mi. Ìgbà tí mo dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀ lórí bíréèkì ló tó yà. Ibi tí mo wá dúró sí, bùútù ọkọ̀ iwájú ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ìyàwó mi. Kò sọ̀rọ̀. Ó kàn di bẹ́líìtì rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo tẹ ìka mọ́ eyín táyà iwájú. Ó le bí ike. Eyín ṣì jinlẹ̀ o, kò tíì jẹ rárá, ohun tó sì yà mí lẹ́nu jù nìyẹn. Títí di ọjọ́ náà, èrò mi ni pé tí eyín táyà bá ti jinlẹ̀, kò sí ewu.

Rọ́bà fúnra rẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ yín: ibi tí táyà kan ti fara kan ilẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin yẹn ló ń gbé ọkọ̀ dúró, òun ló ń yí i ní kọ́nà, òun náà ló ń dá a dúró. Tí wọ́n bá fi rọ́bà tó le ṣe é, ó lè pẹ́ kó tó jẹ, àmọ́ kò ní lè gbá ilẹ̀ tútù mú. Tí rọ́bà bá rọ̀, ó máa gbá ilẹ̀ mú, àmọ́ ó lè tètè jẹ, ó sì lè mú kí ọkọ̀ mu epo. Iṣẹ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń ṣe ni láti wá bí táyà kan ṣe máa ní gbogbo rẹ̀ pọ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni ilé iṣẹ́ táyà Michelin ti ń fi silica, èròjà kan tó jọ iyanrìn tó kúnná, rọ́pò púpọ̀ nínú èédú dúdú tí wọ́n máa ń pò mọ́ rọ́bà, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Silica yìí kì í dédé pò mọ́ rọ́bà, àfi kí wọ́n fi èròjà mìíràn so wọ́n pọ̀, kí wọ́n sì fara balẹ̀ pò ó. Ibẹ̀ lowó ń lọ, ojú lásán ò sì lè rí i nígbà tí táyà méjì bá wà lórí káńtà, tí méjèèjì dúdú, tí wọ́n sì ń dán.

Ní ti pé ẹ kì í sáré, ó dáa bẹ́ẹ̀. Eré tí ẹ bá fi sọ ìlọ́po méjì, agbára tí bíréèkì gbọ́dọ̀ pa á di ìlọ́po mẹ́rin, nítorí náà ẹni tó ń rọra rìn ti ran ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ní 50 kìlómítà ní wákàtí kan péré, ọkọ̀ ń jẹ nǹkan bíi mítà 14 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Tí ọmọdé bá já lu títì nínú òjò, mítà méjì tí táyà bá fi dúró kíákíá ju òmíràn lọ, mítà méjì gidi ni.

Báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tó gbá ilẹ̀ tútù mú kí ẹ tó rà á? Tí táyà náà bá ní lébẹ́ẹ̀lì ilẹ̀ Yúróòpù, ẹ wá àmì òjò níbẹ̀. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2021, A dé E ni wọ́n ń lò, A ló dáa jù. Èmi kì í sọ̀ kalẹ̀ kọjá B mọ́, ohun yòówù kí wọ́n sọ fún mi. Bó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, ẹ ka ẹ̀gbẹ́ táyà: ẹ máa rí TREADWEAR (bó ṣe máa pẹ́ tó kó tó jẹ) pẹ̀lú nọ́ńbà, TRACTION (bó ṣe ń gbá ilẹ̀ mú) tó bẹ̀rẹ̀ láti AA lọ sí C, àti TEMPERATURE (bó ṣe ń fara da ooru) tó jẹ́ A dé C. TRACTION ni kí ẹ fiyè sí, àmọ́ ẹ rántí pé bíréèkì lórí ilẹ̀ tútù ní ọ̀nà gbọọrọ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, kò sọ nǹkan kan nípa kọ́nà. Ní ti TREADWEAR, ẹ má gbé e lérí. Àwọn tó ń ṣe táyà ló ń fún ara wọn ní nọ́ńbà yẹn, 500 ti ilé iṣẹ́ kan ò sì fi dandan pẹ́ ju 400 ti òmíràn lọ. Nọ́ńbà ńlá yẹn ló fà mí mọ́ra nígbà tí mo ra táyà mi àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí pípẹ́. Mo ní ìwé kékeré kan nínú ọkọ̀ tí mo máa ń kọ kìlómítà sí. Táyà pọ́ọ́kú yẹn, ẹsẹ̀ iwájú ti jẹ dé ààlà ní 31,000 kìlómítà. Èyí tó lórúkọ tí mo fi rọ́pò wọn lọ 57,000, ọkọ̀ kan náà, awakọ̀ kan náà, ọ̀nà kan náà. Ọkọ̀ kan ṣoṣo nìyẹn o, tiyín lè yàtọ̀. Àmọ́ nígbà tí mo pín owó tí mo ná sí iye kìlómítà tí mo rìn, olówó gọbọi yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ wọ́n ju pọ́ọ́kú lọ mọ́. Àǹfààní tí mi ò tiẹ̀ retí ni pé nígbà tó ti jẹ kọjá ìdajì, mo ṣì ń fọkàn tán an nínú òjò. Pọ́ọ́kú yẹn, bó ṣe ń jẹ ló ń burú sí i, títí tí mo fi ń bẹ̀rù láti jáde tí ojú ọ̀run bá ti ṣú.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà, torí kò ní dáa kí n fi í pa mọ́. Lára àwọn táyà tó lórúkọ tí mo ti ní, mo fọwọ́ ara mi ba méjì jẹ́ láàrin oṣù mẹ́rin. Mo já sí kòtò, sítíárìn bẹ̀rẹ̀ sí í fà sí ọ̀tún díẹ̀, mo ní màá ṣe àláìnmẹ́ǹtì, ìyẹn títún ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣe kó lè tọ́, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn di oṣù. Tí ẹ bá dúró níta ọkọ̀ ẹ máa rí eyín tó jinlẹ̀, tó mọ́ tónítóní. Ọjọ́ tí mo yí sítíárìn dé ìpẹ̀kun tí mo bẹ̀rẹ̀ wo inú ni mo rí i pé etí inú ti jẹ tán, wáyà inú rẹ̀ ti ń yọ síta, ó sì gún ọwọ́ mi. Kò sí orúkọ tó lè gba táyà lọ́wọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí kò tọ́. Ẹ máa fi ọwọ́ pa eyín táyà láti ìta lọ sínú, kí ẹ sì dá a padà. Tó bá ń ha yín lọ́wọ́ ní ọ̀nà kan, tó sì ń yọ̀ lọ́nà kejì, àláìnmẹ́ǹtì tàbí ṣọ́ọ̀kì ni kí ẹ lọ wò.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ táyà. Nọ́ńbà tó wà létí ilẹ̀kùn awakọ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé, nígbà tí táyà bá tutù. Èyí tí wọ́n kọ sára táyà fúnra rẹ̀ ni òpin tí kò gbọ́dọ̀ kọjá, kì í ṣe òun ni kí ẹ fún un. Tí afẹ́fẹ́ bá kéré, etí méjèèjì ló máa jẹ, táyà á sì máa gbóná. Tó bá pọ̀ jù, àárín ni.

Àwọn kan máa ń sọ pé táyà tó lórúkọ kì í wú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tèmi wú, kókó kan tó tó ẹyin adìyẹ yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn tí mo já sí kòtò lálẹ́, ìgbà tí mò ń fọ ọkọ̀ ni mo rí i. Okùn inú rẹ̀ ló ti já, mo sì bọ́ ọ lọ́jọ́ náà torí kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí irú rẹ̀ máa bẹ́. Ibi tí pọ́ọ́kú ti jìyà jù lọ́wọ́ mi ni bálánsì: ọ̀kan nínú wọn, òjé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ rímù rẹ̀ pọ̀ débi pé ẹni tó ń ṣe é mi orí, síbẹ̀ sítíárìn ń gbọ̀n tí mo bá ti dé 90 kìlómítà ní wákàtí kan.

Ẹ tún wo ọjọ́ orí. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ lẹ́tà DOT sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, nọ́ńbà mẹ́rin ìkẹyìn níbẹ̀ ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Ẹnì kan fẹ́ ta táyà olórúkọ fún mi ní ẹ̀dínwó tó jọni lójú, tuntun tí kò tíì kan ilẹ̀ rí, àmọ́ ó ti lo ọdún mẹ́fà ní ìsọ̀, ilà wẹ́wẹ́ sì ti ń là sí ìsàlẹ̀ eyín rẹ̀. Mi ò rà á. Michelin ní kí awakọ̀ máa gbé táyà rẹ̀ fún àyẹ̀wò lọ́dọọdún tó bá ti pé ọdún márùn-ún lẹ́sẹ̀ ọkọ̀, kó sì pààrọ̀ rẹ̀ tó bá pé ọdún mẹ́wàá láti ìgbà tí wọ́n ṣe é, bó ti wù kó dáa lójú tó. Ìdí nìyí tí mi ò fi ní gba yín níyànjú láti ra àlòkù láé, torí ẹ ò mọ kòtò tó ti já sí.

Tí olówó gọbọi bá kọjá agbára yín, ẹ má torí ẹ̀ já sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Táyà àárín wà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ti àwọn ilé iṣẹ́ ńlá kan náà: Firestone jẹ́ ti Bridgestone, Barum jẹ́ ti Continental, Kleber jẹ́ ti Michelin, Laufenn jẹ́ ti Hankook. Irú rẹ̀ ni mò ń lò báyìí, B ni lórí ilẹ̀ tútù, ọkàn mi sì balẹ̀. Tuntun tó jẹ́ ti àárín sàn lójú mi ju olórúkọ tó ti gbó ní ìsọ̀.

Tó bá jẹ́ méjì lowó yín ká, ẹ̀yìn ni kí ẹ fi tuntun sí, kódà tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ iwájú ni ẹ́ńjìnnì ń fà. Mo mọ̀ pé ó máa ṣàjèjì létí yín. Tí iwájú bá yọ̀, ẹ máa mọ̀ lọ́wọ́ sítíárìn, ẹ sì lè dẹ ẹsẹ̀. Tí ẹ̀yìn bá yọ̀ ní kọ́nà, ọkọ̀ á ti yí kí ẹ tó mọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ má dúró kí eyín táyà jẹ dé ààlà òfin. Ní Yúróòpù, mìlímítà 1.6 ni, tuntun sì máa ń tó nǹkan bíi 8. Láti 3 ni mo ti ń pààrọ̀ tèmi, torí poro tí kò jinlẹ̀ ò lè fa omi kúrò lábẹ́ táyà, omi á sì gbé ọkọ̀ léfòó.

Nọ́ńbà àti lẹ́tà tó tẹ̀ lé ìwọ̀n, bíi 91V, ẹ má gba èyí tó kéré sí ti ọkọ̀ yín: 91 túmọ̀ sí 615 kìlógíráàmù lórí táyà kan, V sì túmọ̀ sí pé eré tó lè gbà kò ju 240 kìlómítà ní wákàtí kan lọ. Tí ẹ bá ti rí méjì tàbí mẹ́ta tó wù yín, ẹ kọ orúkọ wọn, lẹ́tà ilẹ̀ tútù wọn àti nọ́ńbà mẹ́rin DOT wọn ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó sanwó, màá bá yín yẹ̀ wọ́n wò.