Fóònù gbọ́ ohùn, kò rí ẹyẹ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀bá Duluth ní ìpínlẹ̀ Minnesota ni mò ń gbé. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹta, tí yìnyín ṣì wà nílẹ̀, Merlin, áàpù orí fóònù mi tó ń fi ohùn mọ ẹyẹ, ní ẹyẹ Eastern Wood-Pewee ń ké lẹ́yìnkùlé mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo kọ ọ́ sí eBird, ìkànnì tí a ti ń kọ àwọn ẹyẹ tí a bá rí sílẹ̀, wọ́n ní kí n mú ẹ̀rí wá. Ṣé torí pé òtútù ọdún yìí kò mú púpọ̀ ni ẹyẹ náà ṣe tètè dé? Ẹ̀rí wo ni mo lè fún wọn?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rí sílẹ̀ ná. Starling lẹ gbọ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra. Ẹ ò fi ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, nítorí náà mi ò lè fi gbogbo ẹnu sọ ọ́, àwọn tó ń yẹ àkọsílẹ̀ wò ní eBird ló sì ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ṣùgbọ́n ọdọọdún ni irú ìbéèrè yìí ń wọlé.

Starling a máa sín ẹyẹ mìíràn jẹ. Europe ni wọ́n ti kó o wá, wọ́n tú u sílẹ̀ ní Central Park ní New York lọ́dún 1890, ó sì ti kún ilẹ̀ Amẹ́ríkà báyìí. Ohùn wood-pewee, ti killdeer àti ti meadowlark wà lára ohun tó máa ń sín jẹ jù. Ohùn tó gbọ́ nígbà ooru, ó lè tún un ké lórí wáyà iná nígbà tí yìnyín ṣì wà nílẹ̀. Merlin kò parọ́ fún yín: ohùn wood-pewee ló gbọ́ lóòótọ́. Kò kàn rí ẹnu tó ti jáde ni.

Ti pé òtútù kò mú púpọ̀, ẹ gbàgbé ìyẹn. Nínú oṣù Kẹta, ìhà àríwá Gúúsù Amẹ́ríkà ni wood-pewee ṣì wà, kò sì sí bó ṣe lè mọ̀ pé yìnyín Duluth ti ń yọ́. Gígùn ojúmọmọ ló ń ta ara ẹyẹ jí. William Rowan ti Yunifásítì Alberta ní Edmonton mú àwọn ẹyẹ junco nígbà ìwọ́wé ọdún 1924, ó kó wọn sínú àgò níta gbangba, ó ń tan iná mànàmáná sí wọn lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, ó sì ń fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kún un. Òtútù kò dín kù fún wọn rárá, síbẹ̀ ẹpọ̀n wọn tó ti súnkì wú padà láàárín gbùngbùn òtútù, bíi pé ìgbà ìrúwé ti dé. Àárín oṣù Kàrún-ún ni wood-pewee máa ń dé ọ̀dọ̀ yín. Kòkòrò tó ń fò ló ń mú jẹ lójú òfuurufú. Kí ló fẹ́ jẹ lórí yìnyín?

Àwọn tí kò rìn jìnnà ni ojú ọjọ́ máa ń yí lọ́kàn padà jù: Canada Goose, Red-winged Blackbird, robin. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ láti gúúsù fún ọjọ́ méjì, wọ́n á dé. Bó bá yí sí àríwá, wọ́n á dúró. Àwọn robin kan kò tilẹ̀ lọ rárá, èso igi ni wọ́n ń jẹ títí òtútù fi parí.

Bí fóònù bá tún pe orúkọ àjèjì, ẹ tẹ̀lé ohùn náà títí ẹ ó fi rí ẹni tó ń ké. Ẹ gbọ́ ọ fún ìṣẹ́jú méjì. Wood-pewee kì í yí orin rẹ̀ padà: fèrè tó ń falẹ̀ ni, tó lọ sílẹ̀ tó tún gòkè. Starling á ké e lẹ́ẹ̀kan, á bọ́ sí ti killdeer, á wá máa ta ẹnu pá-pá-pá. Ẹ wò ó bó ṣe ń kọrin: ìyẹ́ ọ̀fun rẹ̀ á dìde wúrúwúrú, apá rẹ̀ á máa gbọ̀n, ìrù rẹ̀ kúrú, àgógó rẹ̀ á ti ní àwọ̀ ìyeyè nígbà yẹn. Bí ìdí àgógó náà bá ní àwọ̀ aró díẹ̀, akọ ni. Bó bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú, abo ni. Wood-pewee kéré sí i gan-an, ó jẹ́ àwọ̀ eérú, ìlà funfun méjì wà ní apá rẹ̀.

Bó bá wá jẹ́ ẹyẹ tó ṣọ̀wọ́n ní tòótọ́, fọ́tò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yà, kódà kó ṣókùnkùn. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ohun tí ojú yín rí kẹ́ ẹ tó ṣí ìwé ẹyẹ kankan, torí ìwé á yí ohun tẹ́ ẹ rántí padà: bó ṣe tóbi sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyẹ tẹ́ ẹ mọ̀, àgógó, ẹsẹ̀, apá, ìrù, ibi tó wà, aago. Ẹ má ṣe fi ohùn inú fóònù pè é, ẹ ń da oúnjẹ mọ́ ọn lẹ́nu ni. Bó bá jẹ́ òwìwí, ẹ má sọ ibi tó wà fún gbogbo ayé.

Ìbéèrè eBird kì í ṣe ẹ̀sùn irọ́. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà kò gba owó, ọjọ́ àti àgbègbè ni wọ́n fi ń mọ ohun tó yẹ kí wọ́n bi yín. Ẹ ṣí àkọsílẹ̀ ọjọ́ kejìlá yẹn, ẹ yọ wood-pewee kúrò, ẹ fi European Starling sí i bẹ́ ẹ bá rí i, kẹ́ ẹ sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé ó ń sín wood-pewee jẹ. Bí ẹ kò bá rí ẹyẹ kankan, ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ má fi nǹkan kan rọ́pò rẹ̀.