Èsì: Ìdí tí ìgbẹ́ gbuuru fi lè tún ṣe ọmọ ogun tó ti ní i rí
Ẹ béèrè ìdí tí ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí ìgbẹ́ gbuuru ti ṣe rí ní Íjíbítì fi lè tún kó o. Kòkòrò ETEC, irú E. coli kan tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, tó sì wọ́pọ̀ níbẹ̀, máa ń fi fọ́nrán tín-ín-rín ara rẹ̀ di ògiri ìfun mú, kó tó tú oró LT tàbí ST, tàbí méjèèjì, jáde. LT jọ oró kọ́lẹ́rà, ara sì máa ń pèsè èròjà tó ń gbógun tì í. Ṣùgbọ́n ST kéré débi pé ara kì í kà á sí ọ̀tá rárá. Fọ́nrán wọ̀nyẹn gan-an ni ìṣòro, nítorí oríṣi wọn pọ̀, èròjà ìgbèjà ara, IgA, tí ìfun sì pèsè fún ọ̀kan kì í sábà dá òmíràn dúró. Ní Thailand, kòkòrò mìíràn, Campylobacter, ló sábà máa ń ṣe àwọn ọmọ ogun náà. Òun ló bà mí lẹ́rù jù, torí pé ohun tí ara fi ń bá a jà lè ṣèèṣì kọlu iṣan tó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ lọ sí ẹsẹ̀, kí ẹsẹ̀ sì rọ, bí irú èyí kò tilẹ̀ wọ́pọ̀.