Ìbéèrè Yín Lórí Eré Ìwákiri: Àpótí Tí Kò Ní Dẹ́rù Ba Olóko

Nínú ìtẹ̀jáde wa tó kọjá, a ṣàlàyé ní ṣókí ohun tí wọ́n ń pè ní geocaching, èyí tí mo yàn láti máa pè ní eré ìwákiri. Ẹnì kan á fi àpótí kékeré pamọ́ síbì kan, á gbé nọ́ńbà ibùdó rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ẹlòmíràn á fi fóònù tàbí ẹ̀rọ GPS, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi àmì sátẹ́láìtì mọ ibi tí a wà, wá a kàn, wọ́n á kọ orúkọ sínú ìwé tó wà nínú rẹ̀, wọ́n á sì dá a padà síbi tí wọ́n ti bá a gan-an. Lẹ́tà tí ẹ kọ lẹ́yìn àlàyé yẹn pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ, pàápàá láti Àkúrẹ́ àti Oǹdó. Márùn-ún ni mo dáhùn níbí.

Ẹ jọ̀wọ́, ṣé dandan ni kí n ra ẹ̀rọ GPS kí n tó bẹ̀rẹ̀ eré yìí? Fóònù Android lásán ni mo ní, bátìrì rẹ̀ kì í sì í pẹ́ tán. — Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA, Àkúrẹ́

Kì í ṣe dandan rárá. Kí ọdún 2000 tó dé, ìjọba Amẹ́ríkà mọ̀ọ́mọ̀ ń da àmì GPS tí àwọn ará ìlú ń gbà rú, débi pé ẹ̀rọ lè fi ọgọ́rùn-ún mítà ṣì ọ́ lọ́nà. Ọjọ́ 2 oṣù karùn-ún ọdún 2000 ni wọ́n dẹ́kun rẹ̀. Ní ọjọ́ tó tẹ̀lé e, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dave Ulmer gbé korobá kan lọ sínú igbó lẹ́bàá Beavercreek ní ìpínlẹ̀ Oregon, ó kéde nọ́ńbà ibùdó rẹ̀, ó sì ní kí àwọn tó ní ẹ̀rọ wá wò bóyá ẹ̀rọ wọn á gbé wọn dé ìdí rẹ̀. Láti inú ìdánwò yẹn ni eré yìí ti bẹ̀rẹ̀. Fóònù òde òní, bí ojú ọ̀run bá ṣí sílẹ̀, kì í sábà ṣìnà ju nǹkan bíi mítà márùn-ún lọ, ìyẹn sì tó.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé GPS kì í jẹ dátà. Àwọn sátẹ́láìtì tó wà ní ohun tó lé ní 20,000 kìlómítà sókè ló ń fọ́n àmì náà sílẹ̀, fóònù yín kàn ń gbà á ni, gẹ́gẹ́ bí rédíò ṣe ń gba ohùn. Àwòrán ilẹ̀ ló ń jẹ dátà. Ẹ gbé àwòrán ilẹ̀ Àkúrẹ́ sínú fóònù yín láti ilé, ẹ pa nẹ́tíwọ̀kì bí ẹ bá ti dé ẹ̀bá ibi tí ẹ ń lọ, ẹ sì dín ìmọ́lẹ̀ ojú fóònù kù. Bátìrì á pẹ́ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ̀rọ GPS àdáni dára fún ẹni tó ń gun òkè lábẹ́ òjò, nítorí omi kì í tètè bà á jẹ́, òmíràn sì wà tó ń lo bátìrì tí a lè pààrọ̀ lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí owó kékeré bá wà lọ́wọ́ yín, pawa báǹkì kan, bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀ àti ọ̀pá ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Ọ̀pá ni a fi ń tú ewé àti abẹ́ òkúta, kì í ṣe ọwọ́, nítorí ejò àti àkeekèé.

Ọ̀rẹ́ mi kan fi nǹkan pamọ́ sí àdúgbò wọn láàárín ìgboro Àkúrẹ́, ó sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ fún mi báyìí: N 7° 15.000, E 5° 12.000. Mo tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù ní 7.15000 àti 5.12000. Fóònù ní kí n kọrí sí ọ̀nà Ìdànrè. Ta ló jẹ̀bi, èmi ni àbí fóònù? — A. O., Ọ̀bà Ilé

(Mo ti yí nọ́ńbà náà padà díẹ̀ kí ibi tí ọ̀rẹ́ yín ń gbé má bàa hàn sí gbogbo ayé.) Fóònù kò jẹ̀bi. N ni àríwá, E ni ìlà-oòrùn; nọ́ńbà tó ṣáájú àmì ° ni dígírì, èyí tó tẹ̀lé e sì ni ìṣẹ́jú. Bí wákàtí kan ṣe ní ọgọ́ta ìṣẹ́jú ni dígírì kan náà ṣe ní ọgọ́ta ìṣẹ́jú. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jẹ́ ìdá mẹ́rin dígírì, nítorí náà 7.25000 ló yẹ kí ẹ tẹ̀. Ìṣẹ́jú méjìlá jẹ́ ìdá márùn-ún, nítorí náà 5.20000 ni èkejì. Ẹ ti gbé ara yín lọ sí gúúsù ní nǹkan bíi kìlómítà mọ́kànlá, ẹ sì tún ya sí ìwọ̀-oòrùn ní nǹkan bíi mẹ́sàn-án. Bí a bá fa ìlà tààrà láti ibi tó yẹ kí ẹ wà sí ibi tí fóònù ń darí yín sí, ó tó kìlómítà mẹ́rìnlá. Ìhà Ìdànrè gan-an sì ni ibẹ̀ wà sí Àkúrẹ́.

Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbi gbogbo. Dígírì àti ìṣẹ́jú tó ní nọ́ńbà mẹ́ta lẹ́yìn àmì (.) ni àwọn eléré yìí fi ń kọ ibùdó, nítorí nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn pátápátá kò tó mítà méjì lórí ilẹ̀. Ẹ wọ ibi ètò inú áàpù yín, kí ẹ yan irú ìkọsílẹ̀ yẹn, ẹ kò sì ní nílò ìṣirò mọ́.

Ẹ bá mi sọ fún ọ̀rẹ́ yín pẹ̀lú pé ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́ kì í wọn ibùdó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí ó wọ̀n ọ́n, kí ó rìn kúrò níbẹ̀, kí ó padà wá láti ìhà mìíràn, kí ó tún un wọ̀n ní ọjọ́ mìíràn, kó wá mú agbedeméjì gbogbo rẹ̀. Lábẹ́ igi kòkó tó ṣú, tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta ńlá, àmì sátẹ́láìtì máa ń ta lu nǹkan kó tó dé ọ̀dọ̀ fóònù, ó sì máa ń purọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá a náà, bí ó bá ti ku mítà mẹ́wàá, ẹ fi fóònù sí àpò. Ojú ló kù.

Mo fi téèpù dúdú wé agolo mílíìkì kan, mo so ó mọ́ ara igi lẹ́bàá oko kòkó kan lẹ́yìn ìlú. Ní ọjọ́ kẹta, olóko rí i, ó pe àwọn ènìyàn jọ, ó ní ẹnì kan ló fẹ́ fi oògùn ba oko òun jẹ́, wọ́n sì dáná sun ún. Ó dùn mí gan-an, nítorí eré lásán ni mo ń ṣe. — Olùkọ́ kan, Oǹdó

Ẹ pẹ̀lẹ́, olùkọ́. Mo mọ bí ó ṣe ń dunni kí a rí iṣẹ́ ọwọ́ ẹni nínú eérú. Síbẹ̀, bí mo bá jẹ́ olóko yẹn, ohun tó ṣe ni èmi náà ì bá ṣe.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ó rí. Ní ilẹ̀ wa, ohun tí a bá so mọ́ igi máa ń sọ̀rọ̀. Bí olóko bá so àkísà àti ìkarahun ìgbín mọ́ ara igi rẹ̀, ààlè ni, olè tó bá rí i á mọ̀ pé wọ́n ti kìlọ̀ fún òun. Ohun tí a dì tí a gbé sí oríta tàbí sí ìdí ìrókò, ẹbọ ni, ẹni tó bá rí i á yà fún un. Agolo tí a fi nǹkan dúdú wé, tí kò ní orúkọ, tó yọ sí oko olóko lóru, kò sí bí àgbẹ̀ kan ṣe fẹ́ kà á sí eré. Láti ìgbà ìkọlù tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé ìjọsìn ní Ọ̀wọ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, ìbẹ̀rù mìíràn tún ti wọlé. Ẹrù tí kò ní olúwa kì í ṣe ohun tí ará ìpínlẹ̀ wa ń fi ojú kékeré wò mọ́, ẹ̀tọ́ wọn sì ni.

Nítorí náà, ìyọ̀ǹda ni àkọ́kọ́. Òfin eré yìí gan-an ló sọ bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo tí wọ́n ti ń ṣe é, kì í ṣe àṣà tiwa nìkan. Bí ó bá jẹ́ oko, ẹni tó ni ilẹ̀ ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe lébìrà tó ń ro ó. Bí ó bá jẹ́ àdúgbò, ẹ lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ onílé tàbí ọ̀dọ̀ baálẹ̀. Ẹ gbé àpótí náà dání ní ṣíṣí, ẹ tú ohun inú rẹ̀ síwájú wọn, ẹ sì jẹ́ kí ọmọ ilé náà jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò wá a rí. Ẹ tún sọ fún ẹni tó máa ń jókòó nítòsí ibẹ̀ lójoojúmọ́. Fún ọ̀kan tí èmi fúnra mi fi pamọ́, ìyá kan tó ń ta bọ̀ọ̀lì ni mo fi lọ̀. Òun ló ń lé àwọn ọmọ tó bá fẹ́ gbé e lọ, òun náà ló sì máa ń sọ fún mi bí àlejò bá ti wá.

Èkejì ni pé kí àpótí yín má ṣe fi inú pamọ́. Ẹ lo ike funfun tí ojú lè rí inú rẹ̀, kí ẹ má ṣe wé e ní dúdú tàbí ní pupa. Ẹ lẹ ìwé mọ́ ọn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó ṣe kedere: “Eré ìwákiri ni èyí. Kì í ṣe oògùn, kì í ṣe ẹrù tó léwu. Ìwé àti pẹ́ńsù ló wà nínú rẹ̀. Olóko mọ̀ nípa rẹ̀. Bí ó bá ń dí yín lọ́wọ́, ẹ pe nọ́ńbà yìí, a ó wá gbé e.” Kí nọ́ńbà yẹn sì máa lọ.

Ẹ óò ní, bí ó bá hàn kedere báyìí, kí ló kù tí a fi pamọ́? Ibi tí a gbé e sí ni. Àárín òkúta méjì tó jọra, ẹ̀yìn ìkòkò òdòdó, abẹ́ àga ìjókòó, tàbí ike tí a fi mágínẹ́ẹ̀tì lẹ̀ mọ́ abẹ́ irin: ibi tí ojú ń wò lójoojúmọ́ tí kì í sì í rí nǹkan kan. Ẹ má gbẹ́ ilẹ̀ láti rì í, ẹ má sì kan ìṣó mọ́ igi. Ẹ jìnnà sí ojúbọ, ilé ẹ̀kọ́, báńkì, bárékè, ilé epo àti abẹ́ afárá. Ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì eré yìí tó tóbi jù ní àgbáyé kì í sì í gbà kí àpótí méjì súnmọ́ra ju mítà 161 lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé e wọ igbó àìro. Ìjínigbé kò tíì tán lójú ọ̀nà wa. Ẹ fi í sí ibi tí ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta lè rìn dé ní ọ̀sán gangan, níbi tí wọ́n á ti gbúròó àwọn ẹlòmíràn.

Òjò ti ba ìwé inú àpótí mi jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Agolo Bournvita ni mo ń lò. — Ìyá Ìbejì, Ìjàpọ̀

Ẹ gbé agolo náà kúrò, yóò dípẹtà kí òjò oṣù kẹfà tó dé. Ike oúnjẹ tó ní rọ́bà yíká ètí, tó sì ní ìkọ́ mẹ́rin tó ń dè é pa, ló dára jù. Bí ẹ bá mọ ẹnì kan ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe omi inú ike, ẹ bẹ̀ ẹ́ fún ọ̀kan nínú ike kéékèèké tó nípọn bí ìka tí wọ́n ń fẹ́ di ìgò: bí ẹ bá dé ìdérí rẹ̀ pa, omi kì í wọ̀ ọ́, ìwé tí a ká sì gba inú rẹ̀. Ẹ fi ìwé sínú ọ̀rá kí ẹ tó fi sínú ike, ẹ sọ àpò kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun sí i, èyí tó ń fa ọ̀rinrin. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi síbẹ̀. Yíǹkì bírò máa ń ṣàn. Ẹ gbé e kúrò nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítorí ikán àti àgbàrá. Oúnjẹ, súìtì àti ọṣẹ olóòórùn kò gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀, nítorí èèrà àti eku. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá.

Ǹjẹ́ mo lè fi àpótí sí Ihò Eléérú tàbí sí orí Òkè Ìdànrè? Ibẹ̀ lẹ́wà, àlejò á sì fẹ́ dé ibẹ̀. — Onímọ́tò kan, Àkúrẹ́

Ihò Eléérú, rárá. Ibẹ̀ ni awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ti hú egungun ènìyàn jáde ní ọdún 1965, egungun tó ti lé ní ẹgbàárùn-ún ọdún. Ilẹ̀ ihò náà fúnra rẹ̀ ni ìwé ìtàn. Ẹni tó bá yí òkúta kan níbẹ̀ nítorí àtiwá ike ti fa ojú ewé kan ya.

Ti Òkè Ìdànrè yàtọ̀ díẹ̀. Ó ti wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ibi àjogúnbá àgbáyé láti ọdún 2007, ààfin àtijọ́ wà lórí rẹ̀, ojúbọ sì wà níbẹ̀. Mi ò ní fi àpótí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n irú eré ìwákiri kan wà tí kò ní àpótí rárá, EarthCache ni wọ́n ń pè é. Òkúta tàbí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ohun tí a wá wò: ẹ ó kọ ẹ̀kọ́ kúkúrú kan nípa bí òkúta náà ṣe wáyé, ẹ ó bi àlejò ní ìbéèrè, ìdáhùn rẹ̀ ni yóò sì fi hàn pé ó débẹ̀. Àpáta Ìdànrè bá èyí mu gan-an. Ẹ kọ́kọ́ lọ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ àwọn tó ń mójú tó òkè náà, kí ẹ yan ibi tó wà lójú ọ̀nà àtẹ̀gùn, kí ẹnikẹ́ni má bàa yà sínú igbó, kí ẹ sì kọ ìbéèrè tó jẹ́ pé ẹni tó dúró níwájú òkúta náà nìkan ló lè dáhùn: àwọ̀ mélòó ló rí lára rẹ̀, ibo ni omi òjò ti gbẹ́ ẹ, báwo ni èyí tó bó ṣe nípọn tó.