Mọ́tò gbàǹjo níwájú ilé: kí ni òfin sọ ní Houston àti àwọn ìlú tó yí i ká?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n lọ́yà. Missouri City ni mò ń gbé, ní Texas níbí. Mo ra Sienna kan ní gbàǹjo, iwájú rẹ̀ ti fọ́. Ó wà níwájú ilé mi títí kọ̀ntẹ́nà tó ń lọ Èkó á fi kún. Aládùúgbò mi ní ìjọba á wá wọ́ ọ lọ. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n má fòyà, pé mo ní ọgbọ̀n ọjọ́. Bùọ̀dá mi tó wà ní Pearland ní kí n gbé e wá sọ́dọ̀ òun. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

Ìdáhùn: Ti aládùúgbò yín ni kí ẹ gbọ́. Ọ̀rẹ́ yín ò purọ́, àbọ̀ òfin ló gbọ́.

Orí 683 ìwé òfin ìrìnnà ìpínlẹ̀ Texas ló gbé ọ̀rọ̀ yìí ró. Ohun tó kọ́kọ́ ń wò ni nọ́ńbà: ṣé ó ti kú, àbí kò tiẹ̀ sí rárá? Lẹ́yìn náà ló wá pín ọ̀nà méjì. Ọ̀kan ni mọ́tò tó ti fọ́, tí wọ́n ti tú palẹ̀, tàbí tí wọ́n ti pa tì. Èkejì ni èyí tó kàn dẹnu kọlẹ̀, tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ fún ohun tó ju wákàtí 72 lọ nílẹ̀ ìjọba, tàbí ọjọ́ 30 nínú ọgbà ẹni. Ọ̀nà kejì yìí ló ni ọgbọ̀n ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ yín ń wí. Ti àkọ́kọ́ ò ní ọjọ́ kankan. Sienna yín ti fọ́ níwájú, mọ́tò gbàǹjo kì í sì í sábà ní nọ́ńbà lára. Ọjọ́ tí ẹ já a sílẹ̀ ni òfin ti lè mú un.

Ibi tí ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa ń ṣubú sí nìyẹn, ó sì ń dùn mí. Ẹnì kan mú ẹjọ́ Corolla kan wá bá mi. Bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ká sókè bíi páànù tí ìjì ṣí, ẹ̀yìn rẹ̀ kún fún táyà àlòkù àti òkìrìkà tó ń lọ sílé. Nígbà tí ìwé ìjọba dé, ó ní kí wọ́n wọ́ ọ lóru lọ sí ilé àna rẹ̀, títì méjì sí tirẹ̀. Ìlú kan náà ni. Òfin ní bí ẹjọ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, gbígbé mọ́tò náà lọ sí ibòmíràn nínú ìlú yẹn ò da nǹkan kan nù, tó bá ṣì hàn síta níbẹ̀. Gbogbo ọjọ́ tó yẹ kó fi gbèjà ara rẹ̀ ló fi sá kiri.

Pearland jẹ́ ìlú mìíràn lóòótọ́, àmọ́ Texas náà ni. Òfin ìpínlẹ̀ sì fún ìlú kọ̀ọ̀kan láyè láti fẹ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà sí i, kí ó lè mú mọ́tò tí òfin ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ ò mú. Ohun tí Houston gbójú fò, Sugar Land lè má gbójú fò ó. Ẹ má sì wo àdírẹ́sì nìkan: ọ̀pọ̀ ilé ni lẹ́tà wọn ń kà Katy tàbí Houston tí wọn ò sí nínú ìlú náà rárá, abẹ́ kaúńtì ni wọ́n wà. Kí bùọ̀dá yín pe ọ́fíìsì code enforcement tiwọn, àwọn tó ń mú kí aráàlú pa òfin ìlú mọ́, kí ẹ tó gbé ohunkóhun lọ.

Gáréèjì tó ní ilẹ̀kùn ló dára jù. Òfin yọ mọ́tò tó wà nínú ilé tí a tì pa sílẹ̀, tí a ò lè rí láti títì. Ó tún yọ èyí tó wà ní yáàdì oníṣòwò mọ́tò tó ní láísẹ́ǹsì. Tapólì ò sí lára ohun tó dárúkọ, n ò sì ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti gbẹ́kẹ̀ lé e. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn ilé lẹ fẹ́ lò, ẹ rántí pé mọ́tò tó bá hàn síta "nígbàkígbà nínú ọdún" ni òfin ń mú: igi tó bo mọ́tò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lè wọ́ ewé nígbà òtútù. Ilẹ̀kùn tàbí ẹnjìnnì tí ẹ tú sílẹ̀ náà wà nínú rẹ̀.

Ẹ má gbé e sójú títì. Wákàtí 48 péré ni mọ́tò tí kò ṣiṣẹ́, tó sì ju ọdún márùn-ún lọ, fi máa ń di èyí tí ọlọ́pàá lè wọ́.

Bí ìwé bá ti dé, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n gbọ́dọ̀ fún yín. Kí ọjọ́ náà tó pé, ẹ kọ̀wé béèrè fún ìgbẹ́jọ́. Lọ́jọ́ náà, wọ́n á gbà pé mọ́tò yín ò ṣiṣẹ́ àyàfi tí ẹ̀yin bá fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́. Owó ìtanràn tó wà nínú òfin ìpínlẹ̀ ò ju $200 lọ. Mọ́tò gan-an ni àdánù: bí wọ́n bá ti wọ́ ọ lọ lábẹ́ òfin yìí, a ò gbọ́dọ̀ tún un ṣe kó máa rìn mọ́.

Nítorí náà, lónìí ni kí ẹ bi ẹni tó ń bá yín kó kọ̀ntẹ́nà bóyá ó mọ yáàdì tó ní láísẹ́ǹsì. Bí kò bá sí, ẹ kó ẹrù kúrò nínú gáréèjì yín kí Sienna ráyè wọlé.